Àjànì Ògún kò gbé òòlù rí

Páálí mọ́ọ̀tì kan ni ẹnu mi kó mi sí ní Mákùn, Ṣàgámù, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Àwa kan jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, à ń jẹ ọ̀jọ̀jọ̀, ọ̀rọ̀ wá kan fíìmù àtijọ́. Mo ní kò sí èyí tó tó Àjànì Ògún, tí Ọlá Balógun darí lọ́dún 1976, tí Adé Love ṣe ọdẹ nínú rẹ̀, tó ń bá olóṣèlú jà nítorí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Dé ibẹ̀, òótọ́ ni mo sọ. N kò mọ ohun tó wá gbé mi dé ibi tí mo ti ní, "Ẹ ò rántí ibi tí Adé Love àti olórí àwọn jàǹdùkú ti ń fi òòlù ńlá wá ara wọn láàárín títì ni?"

Kò sẹ́ni tó rántí.

"Ẹ̀gbọ́n, òòlù kẹ̀? Ṣé ọdẹ ni àbí àgbẹ̀dẹ?" Àbúrò tó ń tún fóònù ṣe ló sọ bẹ́ẹ̀.

Mo búra. Mo ní èjìká bàbá mi ni mo wà tí mo fi wò ó ní gbọ̀ngán ìlú. Mo ròyìn ọmọbìnrin olórin tí wọ́n jí gbé lórí ìtàgé, mo ròyìn àwọn ìpáǹle orí alùpùpù, àti gìtá tó ń ké bí ẹni tí ilẹ̀kùn há mọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ní gìtá wo nínú fíìmù Adé Love? Inú bí mi, mo fi páálí mọ́ọ̀tì kan ta.

Àbúrò yìí tẹ fóònù rẹ̀. N kò tíì gbé ọ̀jọ̀jọ̀ ẹnu mi mì tí fíìmù òyìnbó kan fi yọ: Streets of Fire, ti Walter Hill, 1984. Òòlù wà níbẹ̀. Alùpùpù wà níbẹ̀. Adé Love nìkan ni kò sí.

Àṣé láti nǹkan bí ogójì ọdún ni mo ti lọ fíìmù méjì pọ̀ bí ata àti tòmátò. Èyí òyìnbó, fídíò tí ẹ̀gbọ́n mi yá wálé ni, nígbà tí mo wà ní Fọ́ọ̀mù Tírì.

Mo sanwó mọ́ọ̀tì. Ṣùgbọ́n ohun tí fíìmù yẹn mú mi ṣe ní Kérésì 1986, n kò jẹ́ sọ ọ́ lábẹ́ máńgòrò. Willem Dafoe ló ṣe Raven, ọ̀gá àwọn ìpáǹle. Ó wọ ṣòkòtò dúdú kan tó ń dán bíi rọ́bà, tó gùn dé àyà, kò sì wọ ẹ̀wù kankan sábẹ́ rẹ̀. Àríyá kan ń bọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, mo ní bí Raven ni màá ṣe lọ. Rọ́bà dà? Ó wà lórí tábìlì ìyá mi, olódòdó pupa àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Mo gé e, mo rán an, mo wá fi odindi agolo pólíìṣì bàtà kan kùn ún títí òdòdó fi wọlẹ̀. N kò rí òòlù, mo bá gbé ọmọ odó.

Oòrùn ọ̀sán mú nínú bọ́ọ̀sì, pólíìṣì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ìyá kan tó wọ léèsì funfun báláú jókòó tì mí. Ó wo ọmọ odó, ó ní, "Ọmọ mi, ta ló fẹ́ jẹyán?" N kò fèsì, torí Raven kì í dá èèyàn lóhùn. Bí dírẹ́bà ṣe já kọ́nà báyìí, mo rọ́ lu ìyá náà. Nígbà tí a fi ara wa sílẹ̀, gbogbo apá léèsì ti dúdú, ọ̀pẹ̀ òyìnbó kan sì ti yọjú ní itan mi. Ìyá figbe ta. Dírẹ́bà sọ̀ mí kalẹ̀ lójú ọ̀nà, mo fẹsẹ̀ rìn wọ Ìkẹ́nnẹ́. Àwọn obìnrin tó ń dáná ló kọ́kọ́ rí mi níbi àríyá náà. Wọ́n ní ẹ ṣeun o, ọmọ odó tí a ń wá ti dé. Iyán ni mo gún títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo sọ fún ìyá mi pé eku ló jẹ rọ́bà.

Lóṣù tó kọjá, èmi àti ìyàwó mi jókòó wo fíìmù náà. Ó ṣì dùn ún wò, ẹ má tan ara yín jẹ. Ọkọ̀ inú rẹ̀ jọ ti àwọn ọdún 1950, orin rẹ̀ jẹ́ ti àwọn ọdún 1980, títì rẹ̀ tutù, ó ń kọ yẹ̀rì lábẹ́ iná aláwọ̀ oríṣiríṣi. Púpọ̀ nínú alẹ́ inú fíìmù náà, ọ̀sán ni: tapólì ńlá ni wọ́n ta bo títì tí wọ́n kọ́ sínú ọgbà ilé-iṣẹ́ fíìmù Universal, bí àwọn onítírélà ṣe ń bo ẹrù ní ìkòríta Ṣàgámù. Diane Lane, tó ṣe ọmọbìnrin olórin tí wọ́n jí gbé, tí ohùn rẹ̀ ń gbà mí lọ́kàn, ẹnu lásán ló ń là. Laurie Sargent àti Holly Sherwood ló kọrin fún un. Owó tó lé ní mílíọ̀nù 14 dọ́là ni wọ́n ná, bíi mílíọ̀nù 8 ló wọlé ní sinimá. Fídíò ló wá sọ ọ́ di àyànfẹ́ lẹ́yìn náà. Ìgbà tí mo ń fẹ́ ìyàwó mi sọ́nà, mo sọ fún un pé akọni inú rẹ̀ gbé ọmọbìnrin náà níyàwó. Kò gbé e. Ó wọ mọ́tò, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ìyàwó mi kò sọ̀rọ̀. Ó dá fíìmù padà sí ibi tí Raven ti jáde láàárín iná, ó dá a dúró síbẹ̀, ó ń wo ṣòkòtò.

"Bàbá Bọ́lá."

"Hẹn."

"Ìgbà tí mo wọlé yín, Màmá ní kí n má ta rọ́bà sórí tábìlì láéláé, pé eku ilé yìí a máa jẹ ẹ́."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, eku pọ̀ nígbà náà.

"Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ń fọ pákó tábìlì." Ó dìde, ó mú pọ́ọ̀sì mi. "Méjì ni màá rà lọ́la. Olódòdó."