Ọ̀gá Mo-Lè-Ṣe-É-Fúnra-Mi

Kò sí àdúgbò kan láti Mákùn ní Ṣágámù títí dé Ìkẹ́nnẹ́ tí ò ní Ọ̀gá Mo-Lè-Ṣe-É-Fúnra-Mi tirẹ̀. Mọ́tò lẹ ó fi mọ ilé ẹ̀. Mọ́tò náà ń gba òjò, ó ń gba oòrùn lójúde, nítorí pé gáréèjì tí wọ́n kọ́ fún un ti di ṣọ́ọ̀bù. Inú ibẹ̀ ni ọ̀gá wà láti àárọ̀ Sátidé, tó ń kan àga tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní gbà láti jókòó lé. Ọ̀kan nínú àwọn àga náà ti wà ní pálọ̀. Àlejò tó bá fẹ́ fìdí lé e, ìyàwó ilé á ti yára sọ pé, "Ẹ bọ́ síbí, sà, oòrùn pọ̀ níbẹ̀ yẹn."

Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ńlá. Ìlú tó ti ní iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì láti 1978 kì í ṣàìní àgbàlagbà tó gbọ́ èdè "sẹ́fítì". Ní gbogbo ọgbọ̀n ọdún yẹn, kò wọ ọgbà iléeṣẹ́ láìdé akoto, kò wọ̀ ọ́ láìwọ bàtà tó nírin lẹ́nu, kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ láìkọ́kọ́ buwọ́ lùwé. Bí wọ́n bá fẹ́ tún ẹ̀rọ ṣe, wọ́n á paná ẹ̀, wọ́n á fi àgádágodo ti suwíìṣì ẹ̀ pa, ẹni tó fẹ́ ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀ ni yóò sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Ọ̀gá lè ka gbogbo ẹ̀ lórí fún yín, kò ní fo ọ̀rọ̀ kan. Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, ó dá akoto padà, ó dá bàtà padà, ó sì dá ọgbọ́n tó wà nínú wọn padà pẹ̀lú.

Ṣòkòtò péńpé àti sálúbàtà ló fi ń la pákó báyìí. Ẹ má fi ṣòkòtò yẹn ṣeré o, ó nítàn. Ọmọ Mayflower Ìkẹ́nnẹ́ ni ọ̀gá, ilé-ẹ̀kọ́ tí Táí Ṣólàárín àti ìyàwó rẹ̀, Sheila, dá sílẹ̀ ní January 1956. Gbogbo Nàìjíríà ló mọ bàbá yẹn mọ ṣòkòtò péńpé àti fìlà rẹ̀. Níbẹ̀, ọmọ ilé-ìwé ń roko, ó ń sin ẹran, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbòmíràn ń dúró de òṣìṣẹ́ láti bá wọn ṣe. "Ẹni tó kọ́ mi ló ní kí n má bẹ káfíńtà," ni ọ̀gá máa ń wí. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni kan náà ò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún wọn pé òun ò gba Ọlọ́run gbọ́, pé ọpọlọ tó wà lórí ènìyàn ni kó máa lò kó tó máa wojú ọ̀run. Ọ̀gá mú ṣòkòtò, ó mú ṣe-é-fúnra-rẹ, ó fi ìyókù sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́.

Ẹ̀rọ ayùn orí tábìlì tó rà, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ni. Iná 110 ni wọ́n ṣe é fún, tiwa níbí sì jẹ́ 230, torí náà tíránsífọ́mà kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó ń kùn, wáyà sì gba abẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀gá kọjá nínú ìyẹ̀ igi. Ìyanu ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ náà dé pẹ̀lú ìbòrí bíléèdì ẹ̀, ohun tó ṣọ̀wọ́n lára tòkunbọ̀. Ọ̀gá tú u dànù lọ́jọ́ kejì, ó ní ó ń di òun lójú. Ó ti di àwo tí wọ́n ń kó ìṣó sí. Ó tú irin pẹlẹbẹ tó dúró lẹ́yìn bíléèdì náà pẹ̀lú, ó ní òun ò rí iṣẹ́ tó ń ṣe.

Iṣẹ́ tó ń ṣe rèé. Bí ayùn bá ti ń la pákó, pákó náà lè fẹ́ pa ẹnu dé lẹ́yìn bíléèdì, pàápàá tí kò bá tíì gbẹ dáadáa. Eyín tó wà lẹ́yìn yẹn, òkè ló ń lọ, ọ̀dọ̀ ẹni tó dúró síbẹ̀ ló sì ń kọjú sí. Bí pákó bá ti fún un mọ́ra, yóò gbé e sókè, yóò jù ú padà sí ikùn ẹni tó ń tì í bọ̀. Irin yẹn ló ń la ẹnu pákó sílẹ̀ kó má baà pa dé. Nítorí èyí ni oníṣẹ́ tó gbọ́n kì í fi í dúró sọ́gangan bíléèdì, tó sì ń fi igi ti pákó tó bá ti kù díẹ̀. Ọ̀gá dúró sọ́gangan. Àtàǹpàkò ló fi ń tì í.

Ohun ààbò kan ṣoṣo tó ń lò ni ìbọ̀wọ́, ìyẹn gan-an sì ni kò yẹ kó lò nídìí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Bíléèdì tó ń yí ní nǹkan bí ìgbà 4,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, tó bá kan awọ, á gé e; tó bá kan ìbọ̀wọ́, á fà á, ọwọ́ á sì tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni òrùka, bẹ́ẹ̀ náà ni apá bùbá tó gbòòrò.

Kẹ́ ẹ má wá pè é ní aláìbìkítà o. Ní gbogbo Rẹ́mọ, n ò tíì rí ẹni tó ń ṣọ́ra tó o. Ògiri ilé ẹ̀ ga, ó ri àfọ́kù ìgò mọ́ orí ẹ̀, ó ta wáyà ẹlẹ́gùn-ún lé ìgò. Ajá méjì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Kì í jẹun lóde àríyá àfi tí ojú ẹ̀ bá tó ìkòkò. Bí wọ́n bá yà á ní fọ́tò láìgbàṣẹ, á ní kí wọ́n pa á rẹ́ lójú òun. Bó bá rí ọlọ́kadà tí ò dé akoto ní Sábó, á sọ gíláàsì mọ́tò kalẹ̀, á bú u dọ́ba. Ẹ̀rọ ayùn yẹn pàápàá, ọjọ́ tó dé ni pásítọ̀ ti ta òróró sí i, tí wọ́n sì lẹ ẹsẹ Bíbélì mọ́ ọn lára. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, tí pásítọ̀ ti lọ, ọ̀gá rọra dá ògógóró díẹ̀ sídìí ẹ̀, nítorí Ògún ló ni irin, a kì í sì í mọ̀. Gbogbo ohun tí kò lè gé e lọ́wọ́ pátá ló ń bẹ̀rù.

Nígbà tó ra pákó ìrókò, ó gbààwẹ̀. Ó ní gbogbo àgbà ló mọ̀ pé olúwéré ń gbé inú ìrókò, òun ò sì ní í gbé ẹ̀mí àìmọ́ wọlé. Ó gbàdúrà lé e lórí, ó wọ́n omi sí i nídìí. Lẹ́yìn náà ló wá ń là á, tí ìyẹ̀ ẹ̀ bo ojú, bo irùngbọ̀n, bo gàrí tó rẹ sínú abọ́. Ìbòmú wà lára ẹ̀ lóòótọ́, ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n fi dandan lé wa lórí lọ́dún 2020. Àgbọ̀n ló fi bò. Ìyẹ̀ ìrókò kì í ṣe ohun tí à ń fà símú. Ó ń mú ara yún, ó ń mú àyà há, àwọn onímọ̀ àgbáyé tó ń wádìí àrùn jẹjẹrẹ sì ti là á mọ́lẹ̀ ní 1995 pé ìyẹ̀ igi ń fa jẹjẹrẹ imú. Nígbà tí ikọ́ gbé ọ̀gá dè, ó ní olúwéré ló ń bá òun jà. Ní tèmi, n ò rò pé ó tíì sún mọ́ òtítọ́ tóyẹn rí.

Ọmọ ẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà máa ń pè é lórí fídíò, ó sì ń rí i. Ó sọ fún un pé lọ́hùn-ún, àwọn tí ayùn orí tábìlì ń gbé dé ilé ìwòsàn lọ́dọọdún ń lọ bí 30,000. Ó sọ fún un pé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Stephen Gass ti ṣe èyí tó jẹ́ pé bí ara ènìyàn bá kàn án, bíléèdì á dúró láàárín ìdá kan nínú 200 ìṣẹ́jú-àáyá, wọ́n sì ń fi sọ́séèjì dán an wò lójú gbogbo ayé. "Dádì, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan ránṣẹ́." Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. "Ọmọ mi, èmi kì í ṣe sọ́séèjì."

Àpótí ìtọ́jú tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ìgò òróró ni, Robb, àti kẹrosín. Bí ọ̀gbẹ́ bá ṣe é, kẹrosín ni yóò dà sí i. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ṣágámù níbí, ìka tó bá sì já, èyí tí wọ́n fi aṣọ mímọ́ tó tutù wé, tí wọ́n dì sínú ọ̀rá kí wọ́n tó gbé e lé yìnyín, ló ń fún dókítà láyè láti gbìyànjú nǹkan kan. Èyí tó ti mu kẹrosín ńkọ́? Nígbà tó wà níṣẹ́, Òfin gbà-máà-bínú òṣìṣẹ́ ti 2010 ì bá sanwó ìka fún un. Ní gáréèjì, òun ni ọ̀gá, òun ni òṣìṣẹ́. Kó máa bẹ ara ẹ̀.

Sátidé kan ni ọ̀rọ̀ wá wọ́. Ó ń la ìrókò lọ́wọ́ ni NEPA mú iná lọ. Ẹ máa gbà mí láyè kí n máa pè é ní NEPA. Láti 2005 ni orúkọ yẹn ti kú, ṣùgbọ́n ìwà ẹ̀ ò kú. Ọ̀gá fi ẹ̀là pákó sílẹ̀ lẹ́nu bíléèdì bó ṣe wà, ó lọ mu gàrí.

"Dádì, ṣé ẹ ti pa ẹ̀rọ yẹn?" ni ìyàwó ẹ̀ bi í.

"Màmá, iná ò sí. Kí ni mo fẹ́ pa?"

Kò tíì sán gàrí dé ìdajì tí àwọn ọmọ àdúgbò fi pariwo, "Ọ̀ọ́pù NEPA!" Ẹ̀rọ jí fúnra ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tí ò sí ẹnì kankan níbẹ̀, ó ta ẹ̀là ìrókò náà gba ẹnu ọ̀nà jáde. Gíláàsì iwájú mọ́tò tó ń gba òjò láti ọjọ́ yìí wá ló gbà á.

Èrò dé. Àwọn kan ń sọ pé ọwọ́ ayé ni, ọ̀gá sì ń búra pé òun ti pa suwíìṣì. Káfíńtà tó ní ṣọ́ọ̀bù lódìkejì títì wọlé, ó wo ìdí ẹ̀rọ, ó kúnlẹ̀, ó tún wò ó.

"Bàbá, ẹ má bínú, ẹ ò pa á. Suwíìṣì kan wà, tí iná bá ti lọ, òun náà á kú, kò sì ní jí àfi tẹ́ ẹ bá fọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi sí i."

"Ìwọ tí àtàǹpàkò ẹ ò pé lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?"

"Òun ló kọ́ èmi náà, sà."

Ọ̀gá ò ra suwíìṣì. Kámẹ́rà ló rà, méjì, ó kan ọ̀kan mọ́ òkè ẹ̀rọ, kó lè fojú kan ọ̀tá tó ń tan ayùn sí i. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà, NEPA mú iná lọ, wọ́n tún mú un dé, ẹ̀rọ tún jí. Lọ́tẹ̀ yìí, àga pálọ̀ tó gbé wá tún ṣe ni ayùn jẹ lẹ́sẹ̀. Ó kó gbogbo ilé jọ, ó ní kí káfíńtà náà wá wò ó, ó sì fi fídíò hàn wọ́n lórí fóònù. Àwòrán náà mọ́ gaara: ọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò péńpé àti sálúbàtà ń la pákó, iná lọ, ó nu ọwọ́ mọ́ ìdí, ó kọ ẹ̀yìn sí suwíìṣì, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Ọ̀gá tún fídíò náà ṣí, ó sún mọ́ ọn, ó sì na ìka sí i.

"Ẹ ti wá rí i báyìí? Àwọ̀ mi ló gbé wọ̀. Ó tún wọ ṣòkòtò mi."