Báàsì Lọ́rùn, Ẹrù Lórí

Nínú gbogbo àwa tí à ń fi orin jẹun, onígìtá báàsì nìkan ni mo mọ̀ tó ń ṣe alábàárù láìgba owó alábàárù. Onígángan á há ìlù rẹ̀ sábíyá, á gun ọ̀kadà lọ. Onífèrè á gbé fèrè kọ́ èjìká. Olórin kì í gbé nǹkan kan. Ohùn rẹ̀ ló ń gbé wá, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò ní gbé ìyẹn pàápàá wá. Àwa onígìtá báàsì là ń bá onímáàrúwá ná owó ẹrù láàárọ̀ kùtù, nítorí ohùn ìsàlẹ̀ kì í fẹ́ jáde nínú nǹkan kékeré.

Ó sàn fún àwọn bàbá wa. Ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí J. O. Araba àti Fatai Rolling Dollar ń lu agídìgbo kiri òde, àpótí pákó tí a kan irin pẹlẹbẹ mọ́ lójú ló ń ṣe iṣẹ́ báàsì. Ìka ni wọ́n fi ń ta á. Kò béèrè iná, kò béèrè wáyà. Àfi bí Leo Fender ṣe gbé gìtá báàsì tó ń jẹ́ Precision jáde ní Amẹ́ríkà ní 1951, tí áńpù Bassman, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rẹ̀ sókè, sì tẹ̀ lé e ní 1952. Ibẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò tíì bí mi.

Ìbàdàn ni mò ń gbé, òde kékeré sì niṣẹ́ mi: ìsọmọlórúkọ lójúde ilé, ọjọ́ìbí ọgọ́ta ọdún nínú pálọ̀, àìsùn ṣọ́ọ̀ṣì, hòtẹ́ẹ̀lì tí tábìlì rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, kí ló kàn án pẹ̀lú áńpù tí wọ́n fi ń ṣeré ní pápá bọ́ọ̀lù? Ìyàwó mi ló bi mí bẹ́ẹ̀. N kò dá a lóhùn, nítorí mo ti sanwó.

Ampeg SVT ló kó sí mi lórí. Ọdún 1969 ló jáde, ọ̀ọ́dúnrún wáàtì (300), ẹgbẹ́ Rolling Stones sì gbé e káàkiri Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn kan náà. Àpótí tó ń bá a rìn ní spíkà mẹ́jọ nínú, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó íǹṣì mẹ́wàá. Èyí tí wọ́n ń ṣe lóde òní wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù 63, a ò sì tíì gbé áńpù gan-an lé e. Inú áńpù náà kún fún àwọn ìgò kéékèèké tó ń gbóná, tí àwọn àgbà onírédíò ń pè ní fáàfù. Èmi ò lówó Ampeg. Àwòkọ rẹ̀ ni mo rà ní tókúnbọ̀: áńpù onífáàfù àti àpótí spíkà mẹ́rin. Ẹni tó tà á fún mi ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ dààmú, kò wúwo rárá.” Òun kò gbé e o. Àwọn gìrìpá méjì ló gbé e sínú mọ́tò, kò sì wá sí mi lọ́kàn láti béèrè ẹni tí yóò gbé e jáde.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Mọ́kọ́lá ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ, níbi ọjọ́ìbí ìyá àgbà kan. Àtẹ̀gùn ilé náà rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ṣẹ́rí lágbedeméjì. Ibi tó ti ṣẹ́rí ni àpótí há sí. Kò lọ sókè, kò padà sísàlẹ̀. Àwọn àlejò tó ń bọ̀ to sísàlẹ̀ tàwọn tẹ̀bùn lọ́wọ́. Àwọn tó ti jẹun yó, tí wọ́n fẹ́ máa relé, to sókè. Èmi àti àpótí wà láàárín wọn. Ìyá kan tó gbé kúlà ìrẹsì dání wò mí sókè, ó wò mí sílẹ̀.

“Ọmọ mi, ṣé fíríìjì lo fẹ́ fi ta Màmá lọ́rẹ ni?”

“Rárá mà. Báàsì ni.”

“Báàsì? Kó o máa ṣe sùúrù o.”

Nígbà tí wọ́n bá mi fà á gòkè tán, tí ọ̀dà ògiri sì ti ṣí lára àtẹ̀gùn onílé, iná kò sí. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé mọ̀, “I better pass my neighbour”, ni wọ́n tàn. Agbára irú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ju wáàtì 650 lọ, fáànù, gílóòbù àti ẹ̀rọ tí olórin fi ń sọ̀rọ̀ sì ti wà lórí rẹ̀. Fáàfù kò mọ̀ pé òde kékeré la wà; kí n tó ta okùn kankan rárá ló ti ń mu iná láti fi gbóná. Mo wá ta okùn kẹrin, èyí tó nípọn jù. Gbogbo gílóòbù pálọ̀ ṣẹ́jú. Mo tún un ta, wọ́n tún ṣẹ́jú. Àwọn ọmọdé bú sáyọ̀, wọ́n rò pé iná ijó la bá wọn gbé wá. Ohùn ọ̀gá wa ń lọ, ó ń bọ̀. Ọ̀gá kò dá orin dúró o, àgbà olórin ni. Ńṣe ló kọ ọ́ mọ́ orin pé kí onígìtá jọ̀wọ́ ọwọ́ iná, àwọn èrò sì gbè é gidigidi. A lò tó wákàtí kan lórí ègbè yẹn. Wọ́n náwó fún un lórí rẹ̀ pàápàá.

Ìbínú ni mo fi ra èyí tó tẹ̀ lé e. Áńpù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń dánra wò nílé ni, wáàtì 15, spíkà íǹṣì mẹ́jọ. Mo lè fi ọwọ́ kan gbé e, kí n fi èkejì jẹ gúgúrú. Mo gbé e lọ sí ìsọmọlórúkọ lábẹ́ kánópì ní Àpáta, inú mi ń dùn. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ mi. Okùn ìsàlẹ̀ báàsì máa ń gbọ̀n ní ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí irú ohùn bẹ́ẹ̀ tó lè délé dóko, spíkà ní láti ti afẹ́fẹ́ púpọ̀. Nínú yàrá, ògiri á máa ràn án lọ́wọ́. Kánópì kò ní ògiri. Mo yí ohùn rẹ̀ dópin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í han, síbẹ̀ ohùn ìsàlẹ̀ kò jáde. Onígángan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi ìlù béèrè ibi tí onígìtá gbà lọ. Àwọn àgbà tó gbọ́ ìlù rẹ́rìn-ín, wọ́n dìde, wọ́n sì ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí.

Mo lérò pé bí mo bá pààrọ̀ rẹ̀ sí wáàtì 30, ohùn á di ìlọ́po méjì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wáàtì bá di ìlọ́po méjì, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì mẹ́ta péré, ìyẹn ìwọ̀n tí a fi ń wọn ohùn, ló ń fi kún un. Kí etí ẹni tó gbà pé ohùn ti di méjì, wáàtì ní láti tó ìlọ́po mẹ́wàá. Àwọn tó ń tajà mọ èyí, wọn kì í sì í sọ ọ́.

Àbúrò mi tó wà ní Houston ló ní òun á bá mi wá áńpù mìíràn. Àwọn áńpù tuntun wà tí wọ́n ń pè ní Class D. Títàn àti pípa ni iná inú wọn ń ṣe lọ́nà tó yára kánkán, nítorí náà wọn kì í gbóná púpọ̀, wọn kì í sì í gbé irin kún inú. Òmíràn kò wọn tó kìlógíráàmù mẹ́ta, ó sì lè gbé wáàtì 500 jáde. Mo bi àbúrò mi léèrè ìwọ̀n rẹ̀. Mo bi í léèrè àwọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ 120V sí gàdàgbà, n kò béèrè. Àwọn kan wà tó ń gba iná láti 100 títí dé 240. Tèmi kò sí lára wọn. Mo kì í bọ iná ilé wa. Ó dún pàù, èéfín tẹ̀ lé e. Bàbá tó ń tún rédíò ṣe ní àdúgbò wa yí ẹ̀yìn áńpù náà sí mi, ó fi ìka lé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí, ó sì dákẹ́. Nígbà tó tún un ṣe tán, ó ní kí n lọ ra tíráńsífọ́mà tí yóò máa sọ iná di 120. Mo rà á. Tíráńsífọ́mà náà wúwo ju áńpù lọ fíìfíì.

Ti ọ́ọ̀mù, ìyẹn ìwọ̀n bí spíkà ṣe ń dí iná lọ́nà, ẹ jẹ́ kí n sáré sọ ọ́. Àpótí spíkà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ́ọ̀mù mẹ́rin, bí a bá jọ so wọ́n mọ́ áńpù kan náà, ọ́ọ̀mù méjì ni wọ́n ń dà. Mẹ́jọ ni èmi ṣírò rẹ̀ sí. Áńpù tí a kọ sára rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju mẹ́rin lọ pa ara rẹ̀ láàárín àìsùn, bí ijó ṣe ń gbóná. Pásítọ̀ ní iṣẹ́ ọ̀tá ni. Mo ṣe àmín.

Èyí tí mò ń gbé báyìí, áńpù àti spíkà wà nínú àpótí kan ṣoṣo. Spíkà íǹṣì méjìlá ni, mágínẹ́ẹ̀tì neodymium tó fúyẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, wáàtì 250, kò tó kìlógíráàmù 15. Mo ka ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè délẹ̀ kí n tó sanwó. Ihò XLR wà níbẹ̀ tí mo fi ń so ó mọ́ míksà. Níbi tí spíkà ńlá bá ti wà, ìyẹn ni yóò máa bá àwọn èrò sọ̀rọ̀, tèmi á kàn máa sọ fún mi létí ohun tí mò ń ta. Nínú pálọ̀, igun ni mo máa ń gbé e sí, kí ògiri méjèèjì àti ilẹ̀ lè fún báàsì lágbára lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá ń kùn jù, n óò fà á síwájú díẹ̀. Lójú tèmi, onígìtá òde kékeré tó bá rà ju báyìí lọ, òkìkí ló fi owó rẹ̀ rà.

Ti onífáàfù ọjọ́sí ṣì wà ní pálọ̀ wa. Ìyàwó mi ti tẹ́ aṣọ lé e, ó gbé tẹlifíṣọ̀n sórí rẹ̀. Títà ni o, mo sì ṣe tán láti dín owó rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó mú gìrìpá mẹ́rin dání wá, nítorí èmi ò ní bá a fọwọ́ kàn án.