Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Àgbà: Ìbọn Ọlọ́rọ̀, Ọta Tálákà

Ẹ̀gbọ́n Àgbà, Houston ni mo ń gbé. Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń lọ yìnbọn sí bébà ní pápá. Mo fẹ́ ra ìbọn tèmi báyìí. Ṣé kí n ra Ruger American, tí owó rẹ̀ ṣeé gbọ́, àbí Tikka T3x, tó wọ́n jù ú lọ dáadáa? Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní bí mo bá gbé Ruger dé, Ọlọ́ṣakabùlà ni orúkọ mi láti ọjọ́ náà lọ.
— Ọlọ́kàn Méjì

Àbúrò mi, bébà kì í bèèrè iye tí wọ́n ra ìbọn. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi ṣe ọ̀pá ìbọn méjèèjì: ẹ̀rọ á fi òòlù lu irin tútù títí ìlà inú ihò rẹ̀ á fi yọ. Ìdí rèé tí ìbọn olówó pọ́ọ́kú òde òní fi lè kó ọta mẹ́ta sí àyè ínǹṣì kan sí kan àbọ̀ ní ọgọ́rùn-ún yáàdì. Àwọn tó ń ṣe Tikka ní Riihimäki, lórílẹ̀-èdè Finland, fọwọ́ sọ̀yà pé tiwọn kò ní ju ínǹṣì kan lọ. Àbọ̀ ínǹṣì lò ń fowó rà.

Kí n má purọ́, Tikka a máa yọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí o bá ń ki ọta sí i, ìgbádùn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ra Ruger, kí o fi owó tó ṣẹ́kù ra awò ìbọn tó dára àti ọta rẹpẹtẹ. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Èèpo ọta tí a ti yìn ni àkísà ayìnbọn. Bí wọ́n bá pè ọ́ ní Ọlọ́ṣakabùlà, dákẹ́. Fi oúnjẹ ọ̀sán ta tẹ́tẹ́ pẹ̀lú wọn, kí o sì jẹun fún oṣù mẹ́fà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà, ọkọ mi ra ìbọn Accuracy International tó ju 5,000 dọ́là lọ. Ó ní irú rẹ̀ làwọn sójà ń lò. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló tíì yìn ín, ó ní ọta ti wọ́n jù. Ṣùgbọ́n alaalẹ́ ló ń fi aṣọ rírọ̀ nù ún, tó ń bá a sọ̀rọ̀.
— Orogún Ìbọn, Dallas

Ìyàwó wa, ẹ pẹ̀lẹ́. Òótọ́ lọkọ yín sọ. Ilé iṣẹ́ yẹn, ní Portsmouth, ló ṣe ìbọn L96 tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà láàárín ọdún 1980 sí 1989. Ohun tí kò sọ fún yín ni pé sójà kì í fowó ara rẹ̀ ra ọta. Ọta 6.5 Creedmoor kan, ọ̀kan lára irú èyí tí ìbọn bẹ́ẹ̀ ń yìn, ju dọ́là kan lọ.

Ẹ ra Ruger 10/22 fún ara yín. Láti 1964 ni wọ́n ti ń ṣe é, owó rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́wàá ti ọkọ yín, ọta .22 kan kò sì tó ogún sẹ́ǹtì. Ẹ máa yìn ín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ẹ ó fi mọ bí a ti ń mí síta díẹ̀, kí a tó rọra fa tírígà láìjá a gbà. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ọkọ yín sí pápá níṣojú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bó bá fìdí rẹmi, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ sáà yá a láṣọ tó fi ń nu ìbọn, kó fi nu òógùn ojú.

Ẹ̀gbọ́n, owó ti wà lápò. Ẹ dárúkọ ìbọn tó dára jù, kí n lọ rà á lọ́la.
— Alápò Kíkún, Peckham

Lọ́la kẹ̀? Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọlọ́pàá ló ń kọ́kọ́ yẹ̀ ọ́ wò kí ìwọ tó yẹ ìbọn wò. Wọ́n á bi ọ́ léèrè ìdí tó múná dóko. “Ó wù mí” kì í ṣe ìdí. Wọ́n á tún wo àpótí irin tí wàá máa tì í mọ́. Kí o lè rí ìdí sọ, wọ ẹgbẹ́ ayìnbọn tí ìjọba fọwọ́ sí, kí o fi oṣù mẹ́ta, ó kéré tán, kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ìbọn ẹgbẹ́ ni wàá máa yìn, àtolówó pọ́ọ́kú àtolówó gọbọi. Kí ìwé àṣẹ tó jáde, èjìká rẹ á ti yan èyí tó bá a mu.

Ní ti àpótí irin, èyí tó gba ìbọn kan ṣoṣo ni kí o rà. Bó bá gba mẹ́ta, àyè méjì tó ṣófo á máa pè ọ́ lórúkọ ní gbogbo ìparí oṣù, ìyàwó rẹ á sì kọ̀wé sí mi.