Ẹ Dúró Síbẹ̀ Yẹn, Bàbá

Gbèsè léèsì kan ni a ń san lọ́wọ́ nílé wa nígbà tí èsì WAEC mi jáde. Èmi ni mo jẹ ẹ́, Màámi ni wọ́n ń san án, Físíìsì ló ṣe onígbọ̀wọ́.

Nílé aláró ni wọ́n bí mi, ní Ìtokù, l'Abẹ́òkúta, níbi tí ọjà adìrẹ wà. Bí ẹ bá wọ àgbàlá wa láàárọ̀, imú yín ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ pé ìkòkò aró wà níbẹ̀ kí ojú yín tó rí i. Ọwọ́ Màámi dúdú láti èékánná dé ọrùn-ọwọ́, ọṣẹ kankan kò sì rí i bó. Èmi nìkan ni ọmọ tó ń ka sáyẹ́ǹsì nínú ilé náà, mo sì rí i dájú pé kò sẹ́ni tó gbàgbé. Ìwé Físíìsì ti Anyakoha kì í kúrò ní abíyá mi. Mo gbé e lọ sọ́jà, mo gbé e lọ sílé ìgbẹ́, mo fi ṣe ìrọ̀rí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kíláàsì ń pè mí ní Newton, mo sì ń dáhùn. Ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ tí inú rẹ̀ ń dùn, ẹ bá mi wá irú ẹ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀ 3 kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ tún kà kò ju mẹ́rin lọ: fọ́ọ̀sì, ìrìn, ìgbì, àti iná pẹ̀lú òòfà. Tíṣà wa ti sọ pé Físíìsì kì í ṣe ohun tí à ń há sórí, pé kí a máa wò ó nínú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyìíká wa. Ọ̀rọ̀ gidi ni wọ́n sọ. Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, kí á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ọmọ ni tíṣà rán mi, mo lọ fi ti wèrè jẹ́ ẹ.

Iná àti òòfà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1820, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Denmark, Ørsted, rí i pé bí iná bá ń kọjá nínú wáyà, abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì tó wà nítòsí á yí kúrò níbi tó kọjú sí. Láti ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti mọ̀ pé a lè fi iná sọ irin di òòfà. Èmi náà tú wáyà bàbà lára tíráńsífọ́mà kan tó ti jóná, mo wé e mọ́ ìṣó ńlá kan ní ìgbà 80, mo wá yọ bátìrì 2 lára rédíò Ìyá Àgbà. Ó ṣiṣẹ́! Ìṣó náà gbé pín-ìn-nì 11 nílẹ̀, wọ́n rọ̀ mọ́ ọn bí ọmọ adìyẹ tó sá sábẹ́ ìyá ẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo lọ wá àbúrò mi kó wá wò ó. Mo gbàgbé pé wáyà bàbà kì í fi bẹ́ẹ̀ dí iná lọ́nà, pé gbogbo ohun tó wà nínú bátìrì náà ń ya jáde bí omi inú garawa tó lu. Nígbà tí n ó fi padà dé, bátìrì ti gbóná bí iṣu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú iná.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, bí rédíò ti ń ka ìkéde òkú ni ohùn ọkùnrin tó ń kà á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀, bí ẹni pé òun náà fẹ́ dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń kéde, ó sì dákẹ́. Ìyá Àgbà gbé rédíò lé etí, wọ́n mì ín. “Ta ló pa rédíò mi?”

Mo ṣàlàyé pé iná inú ẹ̀ kò ṣòfò, ó ti di òòfà ni.

“Ó dáa. Kí òòfà náà lọ fa owó bátìrì wá.”

Ti ìgbì kò pa ẹnikẹ́ni lára. Mo kàn ṣírò gígùn ìgbì iléeṣẹ́ rédíò OGBC tó wà lórí 90.5: ẹ mú 300, ẹ fi 90.5 pín in, ó lé díẹ̀ ní mítà 3. Mo na téèpù Màámi láti ẹnu ọ̀nà pálọ̀ dé ìdí tẹlifíṣọ̀n, mo ní kí àwọn ará ilé wá wo bí ìgbì kan ṣoṣo ti gùn tó. Èmi ni wọ́n wò, wọn kò wo téèpù.

Inú fọ́ọ̀sì àti ìrìn ni ọ̀ràn wà. Ìbéèrè kan wà nínú ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá tí a máa ń jà lé lórí: bí a bá so òkúta mọ́ okùn, tí à ń fì í yí po, tí okùn wá já, ibo ni òkúta máa gbà? Ìdáhùn tèmi ni pé yóò sá kúrò láàárín, yóò gba ìta lọ gbọnrangandan. Ṣebí bí dánfó bá ya kọ́nà, ẹ̀gbẹ́ ìta ló máa ń gbá wa lù? Mo yà á sínú ìwé, mo fi bírò pupa fa ọfà sí i. Ohun tí mo bá ti fi bírò pupa fa ọfà sí, ẹjọ́ rẹ̀ ti parí nìyẹn.

Ìyá Àgbà ń bó ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n gbọ́ àríyànjiyàn náà. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, kànnàkànnà ni àwọn fi ń lé ẹyẹ nínú oko bàbá àwọn. “Òkúta kì í sá fún ẹni tó ń fì í. Ojú ibi tó ti ń lọ ló máa bá lọ. Bó bá dojú kọ ẹyẹ tí o jù ú sílẹ̀, ẹyẹ ló máa bà.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ìyá Àgbà, kànnàkànnà kò sí nínú sílábọ́ọ̀sì.”

Ohun tí Newton kọ sínú ìwé rẹ̀ ní 1687 mà ni Ìyá Àgbà sọ yẹn: ohun tó bá ń rìn, tààrà ni yóò máa lọ, àfi bí fọ́ọ̀sì kan bá yí i padà. Okùn ló ń yí òkúta náà padà. Bí okùn bá ti já, kò sí ohun tó tún ń tì í síta. Ìyá Àgbà kò ka Newton rí. Newton tí wọ́n ń pè ní Ìtokù ló kà á, òun ni kò gbà.

Ọjọ́ Sátidé ni. Màámi bu aró látinú ìkòkò sínú ike ọ̀dà lítà 4, wọ́n ní kí n gbé e lọ fún obìnrin kan tí wọ́n jọ ń rẹ aṣọ, kí n má sì dúró lọ́nà. Mo dé àárín àgbàlá, mo dúró lọ́nà.

Nínú ìwé, garawa omi ni wọ́n máa ń fì kọjá lórí tí omi kì í dà. Òjò kò tíì rọ̀ dáadáa lọ́dún yẹn, kànga wa ṣì gbẹ, kò sí omi tí ọmọ ènìyàn lè fi ṣeré. Ṣùgbọ́n aró wà lọ́wọ́ mi. Mo ṣírò rẹ̀ lórí ìdúró. Láti èjìká mi dé àárín ike náà, bíi mítà 1. Òòfà ilẹ̀, ẹ fi sí 10. Kí aró má baà dà nígbà tó bá dorí kodò, eré rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní mítà 3.2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òbírí náà sì jẹ́ mítà 6.3. Ìyẹn ni pé bí mo bá ti ń yí i po lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2, ẹ̀kán kan kò ní kán sílẹ̀. Kí ó lè dá mi lójú, mo ní màá kúkú máa yí i lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan.

Ìṣirò náà pé o. Mo tún un ṣe lẹ́yìn náà nígbà tí mo ń sunkún, ó ṣì pé. Ohun tí n kò ṣírò ni ọwọ́ ike náà, wáyà tín-ín-rín kan tí wọ́n fi kọ́ ihò méjì. Bí ike yẹn bá dúró jẹ́ẹ́, 40 Newton ni ó ń fa wáyà náà. Bí mo ṣe fẹ́ máa fì í yẹn, tó bá dé ìsàlẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200. Ẹni tó ṣe ike ọ̀dà kò ní in lọ́kàn pé wọ́n máa fi kọ́ ẹrù 20 kílò.

Ibẹ̀ ni Bàbá Onílé ti jáde. Ìgbéyàwó ni wọ́n ń lọ. Agbádá léèsì funfun, léèsì Ọ́síríà olówùú; bùbá funfun, ṣòkòtò funfun, fìlà funfun. Bàtà nìkan ni kò bá wọn mu.

“Akọ̀wé, kí lo fẹ́ fi aró ìyá ẹ ṣe?”

“Físíìsì ni, Bàbá. Màá dorí ẹ̀ kodò, kò sì ní dà.”

“Irọ́ ni!” Bàbá fẹ́ràn ọmọ tó ń kàwé, ohun tó dá wọn dúró nìyẹn. Wọ́n ká agbádá lé èjìká. “Ṣé kò ní dà sí mi láṣọ ṣá? Níbo ni kí n dúró sí?”

Kò sẹ́ni tó tíì fi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ bu ọlá fún mi rí. Mo ronú bí onímọ̀. Mo mọ̀ pé bí ọwọ́ ike bá máa já, ìsàlẹ̀ ni yóò ti já, nítorí níbẹ̀ ló ti wúwo jù. Òótọ́ kan tí mo mọ̀ nìyẹn. Bó bá sì já nísàlẹ̀, tó sá kúrò láàárín bí ọfà pupa mi ti wí, ilẹ̀ ni yóò forí lé, níbi ẹsẹ̀ mi. Iwájú mi gan-an ni kò léwu jù. Mo nawọ́ sí ibì kan tí kò ju ìṣísẹ̀ 3 sí mi lọ.

“Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn, Bàbá.”

Wọ́n dúró síbẹ̀ yẹn.

Mo fì í. Èkíní kọjá lórí mi. Èkejì kọjá. Ẹ̀kán kan kò kán. Ojú Bàbá là, wọ́n pàtẹ́wọ́: “Háà! Ọmọ yìí á di púrọ̀fẹ́sọ̀!” Oríyìn yẹn ló bà mí jẹ́. Mo fi eré kún un.

Mo gbọ́ “táù”. Ọwọ́ mi ṣàdédé fúyẹ́, ó lọ sókè lófìfo. Ike kò wó sí ẹsẹ̀ mi. Ojú ibi tó ti ń lọ ló bá lọ, tààrà, nílẹ̀nílẹ̀, ó kọjú sí léèsì náà bí ẹni tí wọ́n fi ìwé pè sí ìgbéyàwó ọ̀hún. Ó bá Bàbá lójúgun, ó dojú dé, aró rú bí ìgbì láti ibẹ̀ dé fìlà. Mo ti sọ pé ti ìgbì kò pa ẹnikẹ́ni lára. Mo yára sọ ọ́ ni.

Ẹni tí kò gbé nílé aláró rí lè má mọ̀ pé aró kì í dúdú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ìkòkò, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di búlúù. Nítorí náà, àwọ̀ ewé ni Bàbá kọ́kọ́ ní. Wọ́n wo ara wọn, ojú wọn kò tíì le, bóyá wọ́n rò pé ohun tí omi àti ọṣẹ lè ṣí ni. Ìgbà náà ni etí agbádá bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ihò léèsì kan di búlúù, èyí tó tẹ̀ lé e di búlúù, ó ń gùn wọ́n bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú gbogbo wa. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ títí ó fi dé ọrùn.

Màámi sáré jáde, wọ́n kúnlẹ̀ gbì. “Ẹ dákun, Bàbá, ẹ foríjì wá, ẹ má bínú.” Ṣùgbọ́n ọwọ́ oníṣẹ́ kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀, bí wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀ ni wọ́n di etí agbádá mú, wọ́n ń fi ìka rìn ín wò. Mo gbọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀: “Ó mà gbà á dáadáa o.”

Ìyá Àgbà yọjú lójú fèrèsé. “Ṣé ó ba ẹyẹ?”

Bàbá Onílé kò lù mí, wọn kò bú mi. Ohun tí wọ́n sọ kò ju ẹyọ kan lọ: “Ibi tí o ní kí n dúró sí ni mo mà dúró sí.” N kò tíì rí èsì fọ̀ sí i títí di òní.

Wọ́n jókòó, wọ́n sọ ọ́. Màámi ní àwọn á san owó léèsì náà díẹ̀díẹ̀, àwọn á sì rẹ èyí tó kù láìgba owó, kó lè jẹ́ àwọ̀ kan. Èmi ní tèmi, mo pọn omi Bàbá títí ìdánwò fi dé, láti kànga òpópónà kejì, nínú garawa onírin.

Nínú ìdánwò, ìbéèrè a-yan-ọ̀kan 50 ni wọ́n fún wa nínú ìwé kìíní. Mo dé ibì kan, mo rí òkúta, mo rí okùn, okùn já. Òógùn bò mí. Ìdáhùn tí mo fi ọfà pupa gbè lẹ́yìn wà níbẹ̀, ó ń wò mí. Èyí tó sọ̀rọ̀ tánjẹ́ǹtì, ìyẹn ojú ibi tó ti ń lọ, ni mo kùn, mo tẹ pẹ́ńsù débi pé ẹnu ẹ̀ ṣẹ́. Nínú gbogbo 50 yẹn, òun nìkan ṣoṣo ló dá mi lójú.

C4 ni mo gbà. Mo mú èsì lọ fi han Bàbá Onílé. Wọ́n jókòó níwájú ilé nínú léèsì náà, búlúù láti ọrùn dé ilẹ̀, ó sì yẹ wọ́n ju funfun lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni nínú ilé wa tó láyà láti sọ bẹ́ẹ̀. Bí mo ti ń sún mọ́ wọn ni wọ́n nawọ́ sókè.

“Dúró síbẹ̀ yẹn. Kà á sókè.”

Mo kà á sókè. Wọ́n ní mo gbìyànjú. Owó léèsì ku ìdajì nígbà náà. Oṣù Kejìlá la san án tán.