Ẹgbẹ́ Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin

Ẹni tí kò gbọ́ Látìnì rárá kì í kó sí wàhálà Látìnì. Èmi tí mo gbọ́ ọ díẹ̀ ni mo ba pátákó àwọn tó ń ta ẹran Iléyá jẹ́ ní Àgídìngbì, nítòsí ilé iṣẹ́ Cadbury.

Àlájì, alága wọn, ló rí "Spero Lucem" lára báàjì ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wà ní King's College. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un: "Mo ń retí ìmọ́lẹ̀." Ó ní, "Tí àwọn tó ń retí iná bá lè ní Látìnì, mélòómélòó àwa tí a ní àgbò nílẹ̀!" Ó ṣèlérí àgbò kan fún mi. Kíá ni mo kọ Societas Quadrupes.

Mo là á yé wọn. Quadru- ni mẹ́rin, pes ni ẹsẹ̀. Wọ́n so wọ́n pọ̀ bí àwa náà ṣe so "oní" mọ́ "ẹsẹ̀" tó fi di ẹlẹ́sẹ̀. Mo fi lé e pé bipes ni ẹlẹ́sẹ̀ méjì, bí ènìyàn àti adìyẹ. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Bàbá kan wá ra òbúkọ. Láti kékeré ló ti ń dáhùn Máàsì ní Látìnì, kí Ìjọ Àgùdà tó fàyè gba èdè ìbílẹ̀ ní 1963. Ó ka pátákó, ó ní, "Tíṣà, ẹgbẹ́ wo ló ní ẹsẹ̀ mẹ́rin?"

Bí mo ṣe kọ ọ́, ẹgbẹ́ gan-an ni quadrupes ń júwe. Tí mo bá fẹ́ "ti àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin", àfi kí n yí ìparí ọ̀rọ̀ náà padà, kí d tó sá pamọ́ nínú pes jáde síta: quadrupedum. A tún pátákó kùn.

Bàbá padà wá, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Ó wá di Ẹgbẹ́ Àwọn Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin! Àgbò lọmọ ẹgbẹ́, òbúkọ ni akápò, alága sì ni..." Ó wo Àlájì, kò parí ọ̀rọ̀.

Lẹ́ẹ̀kẹta, mo kọ Societas Venditorum Quadrupedum, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Bàbá ní ó tọ̀nà. Èmi ni mo san owó ọ̀dà.

Mo wá bi Àlájì léèrè àgbò mi.

Ó ní, "Tíṣà, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni? Ó ti rìn lọ."