Ìbọn Tí Kò Gba Àwíjàre

Nígbà tí a wà ní kékeré ní Ẹ̀gbẹ́dá, igi pákó la fi ń ṣe ìbọn, ẹnu wa la sì fi ń yìn ín. "Pàù! Mo ti pa ọ́!" "Irọ́ ni, kò bà mí!" "Ó bà ọ́ láyà!" "Ayẹta ni mo wọ̀!" Iyàn yẹn gan-an ni eré náà. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá mú jù ló ń borí, èmi ò sì rántí ọjọ́ kan tí mo gbà pé mo kú. Bí mo ṣe dàgbà nìyẹn, tí mo gbéyàwó, tí mo bí ìbejì, tí mo ṣì gbà pé jagunjagun ni mí. Ọdẹ ni bàbá tó bí bàbá mi lọ́mọ, n kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

Nítorí náà inú mi dùn gan-an nígbà tí àbúrò ìyàwó mi ní òun ò ṣe páátì oníjó fún ọjọ́ ìbí òun lọ́dún yìí. Eré ìbọn tí wọ́n ń pè ní laser tag ni, ní pápá kan ní Ìgàndò, tilé-toko. Àwọn tó ń fi eré yìí ṣòwò máa ń kó gbogbo ohun èlò wọn sínú ọkọ̀ wá bá èèyàn: ìbọn oníke, ẹ̀wù àyà tó ní àwọn ojú kéékèèké lára, táyà àti àgbá tí èèyàn máa sá pamọ́ sí. Tèmi kò ju kí n wá aṣọ ogun lọ. Mo gba ọjà Ìkòtún lọ.

Nídìí ẹni tó ń ta òkìríkà ni mo ti rí ṣòkòtò kan, aláwọ̀ ewé mọ́ àwọ̀ ilẹ̀, irú èyí tí àwọn sójà ń wọ̀. Ìyàwó mi wò ó, ó ní, "Bàbá Ìbejì, òfin Nàìjíríà ò gba ẹni tí kì í ṣe sójà láyè láti wọ nǹkan yìí o." Mo ní ta ni yóò dá mi mọ̀? Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006 pàápàá, èèyàn ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ wa ti lé ní mílíọ̀nù kan. Nínú gbogbo wọn, ẹni tí kò yẹ kí n bá pàdé ló wọ kórópe kan náà pẹ̀lú wa láti Ìkòtún lọ́jọ́ eré, tó jókòó tì mí, tó tẹjú mọ́ orúnkún mi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní, ohùn rẹ̀ tutù. "Bárékè wo lẹ wà?"

Mo wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, bí wọ́n ṣe kùn ún tó ń dán yànrànyànràn, mo sì mọ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọjọ́ ìbí ni."

"Ọjọ́ ìbí ta ni?"

"Ti àbúrò ìyàwó mi ni, sà."

Ìyàwó mi ò sọ ǹkankan. Ó ṣí báàgì, ó fa ìró àńkárá tí a fẹ́ tẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ yọ, ó nà án sí mi. Ìró yẹ́lò ni, olókìn-ín ńláńlá. Inú kórópe níbẹ̀ ni mo ti ró o lé ṣòkòtò náà. Ọkùnrin náà ní, "Ó dáa báyìí," ó sì sọ̀ kalẹ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀pù tó kàn.

Nígbà tí a dé pápá, ọmọkùnrin tó ń darí eré ní ká ṣì sinmi títí oòrùn yóò fi rọlẹ̀. Ó ní kì í ṣe lésà ló ń bani lára. Iná infrared ni, irú èyí tó ń jáde lẹ́nu rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n, tí ojú èèyàn kì í rí. Oòrùn náà sì ní tirẹ̀ nínú, ó lè bo ti ìbọn mọ́lẹ̀. Ìbọn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tó ń rán jáde, ojú tó wà lára ẹ̀wù á ka nọ́ńbà náà, á sì mọ ẹni tó yìn ín. Gbogbo ohun tí mo gbọ́ nìyẹn. Nígbà tó ń ṣe ìyókù àlàyé rẹ̀, ìtàn bí bàbá bàbá mi ṣe pa ẹkùn ni mò ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó tì mí.

Wọ́n fun fèrè. Mo sáré títí dé ibi tí ìró gbà mí láyè dé, mo lúgọ sẹ́yìn àgbá. Ẹ̀wù àyà mi dédé gbọ̀n, ó ké wìì. Mo rò pé ó ń kí mi káàbọ̀ ni. Mo yọjú, mo yìnbọn, ìbọn ò fọhùn. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a nídìí, bí mo ṣe máa ń ṣe rìmóòtù ilé. Ó dákẹ́. Mo pariwo pé ìbọn mi ti bàjẹ́.

"Kò bàjẹ́, sà. Ẹ ti kú ni."

"Ta ló pa mí?"

"Ẹ fara balẹ̀ díẹ̀, ẹ máa jí."

"Kò bà mí! Mo ní kò bà mí!"

"Ẹ̀wù yín ló sọ pé ó bà yín, sà."

Ibi tí mo ti ń jiyàn ni mo ti jí, ibẹ̀ náà ni wọ́n tún ti pa mí.

Lẹ́yìn náà ni mo kà á pé kì í ṣe èmi nìkan ni kì í gbà. Ní nǹkan bí ọdún 1980, àwọn sójà Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní MILES sára ìbọn àti ara wọn láti fi kọ́ ogun jíjà, kí ẹ̀rọ lè máa sọ ẹni tí ìbọn bà. Ìyẹn ni pé àwọn náà ti ń ṣe "kò bà mí" tiwọn. Ní 1984 ni George Carter sì ṣí ibi eré ìbọn oníná kan tó ń jẹ́ Photon ní ìlú Dallas fún àwọn tó ń ṣeré. Nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó ro ti ọmọ ọdẹ tó ró ìró.

Ní pápá lọ́jọ́ náà, mo yí ọgbọ́n padà. Mo lọ ba nínú koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo di ẹ̀mí mú. Èjìká kan ń yọ́ bọ̀. Mo yìn ín, ẹ̀wù rẹ̀ ké, mo fò sókè.

"Dádì! Ẹgbẹ́ kan náà ni wá!"

Táíwò mi ni, ọ̀gá ẹgbẹ́ wa. Ó jọ pé ara àlàyé tí mi ò gbọ́ ni pé ìbọn náà kì í mọ ará ilé. Bí mo ṣe ń bẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni ìjàlọ gun itan mi. Àwọn yẹn ò béèrè bárékè. Mo ju ìbọn nù, mo ju ìró nù, mo ń jó láàárín pápá pẹ̀lú ṣòkòtò sójà, tọ̀tún-tòsì sì ń yìn mí. Ẹ̀wù àyà mi ò dákẹ́ mọ́.

Ìdí jọ̀lọ́ọ̀fù ni ọmọkùnrin náà ti ka èsì láti orí fóònù, ẹni tó pa ẹni àti ẹni tí wọ́n pa. Gbogbo ẹni tí mo yìnbọn bà, ará ẹgbẹ́ mi ni. Nínú ìbọn tó sì bà mí, ìyàwó mi nìkan ló ni ìdajì. Ìyàwó mi tó ní orúnkún ń dun òun! Ó gbé àga oníke sẹ́yìn táyà, ó ń jẹ gúgúrú, kò kúrò níbẹ̀ títí eré fi parí.

"Ìró mi ni mò ń wò," ó ní. "Ibi tí mo bá ti rí i ni mò ń yìn."

Mo ní ẹ̀rọ náà parọ́. Ọmọkùnrin náà yí fóònù sí mi, aago àti orúkọ wà níbẹ̀. Kí n tó fọ ọwọ́ oúnjẹ, ẹnìkan ti ju èsì náà sórí WhatsApp ẹbí. Fóònù mi dún. Ìyá mi ni, láti Ìkirè.

"Wọ́n ní wọ́n yìnbọn lù ọ́ n'Ígàndò!"

"Màámi, eré ni."

"Ta ló yìn ín?"

"Ìyàwó mi ni, mà."

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

"Kí lo ṣe fún un?"