Àkísà Àgbà, Aṣọ Ọmọdé

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Nígbà tí wọ́n ń pa òwe yìí, ó dá wọn lójú pé kò sí àgbà tó máa da àkísà rẹ̀ nù. Wọn ò mọ̀ pé ìgbà kan ń bọ̀ tí àgbà fúnra rẹ̀ yóò kó tirẹ̀ jọ, tí yóò ṣáná sí i, tí yóò wá máa bá ọmọdé du aṣọ tuntun. Ìgbà náà ti dé, àwọn ìlú wa ló sì mú ìṣáná dání: ilé àtijọ́ ni àkísà wọn. Ibòmíì ò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní òpópónà Piccadilly, ilé-iṣẹ́ Wolseley tó ń ṣe mọ́tò kọ́ ilé kan láti 1921 wọ 1922. William Curtis Green ló yàwòrán rẹ̀: òpó gàgàrà, àjà tó ga fíofío, ilẹ̀ mábù dúdú àti funfun, gbogbo rẹ̀ torí kí ọlọ́rọ̀ lè wọlé wá yan mọ́tò. Ariwo pọ̀, owó ò wọlé. Nígbà tó fi máa di 1926, gbèsè ti mu Wolseley lómi, báńkì Barclays sì ra ilé náà. Báńkì ò wó o. Ó ṣí ẹ̀ka síbẹ̀ ní 1927. Nígbà tí báńkì náà kó jáde, ilé oúnjẹ gbà á, láti 2003 ni ilé oúnjẹ ibẹ̀ sì ti ń jẹ́ The Wolseley, orúkọ mọ́tò tí ẹnikẹ́ni ò ṣe mọ́. Àwọn èèyàn ń san owó gọbọi kí wọ́n lè mu tíì níbi tí ọmọ iṣẹ́ ti ń nu táyà nígbà kan rí.

Àwọn kan á ní òyìnbó ló rí ọwọ́ họrí. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sí Áfíríkà. Ní Asmara, olú-ìlú Eritrea, ilé epo kan wà tó ń jẹ́ Fiat Tagliero. Giuseppe Pettazzi, ará Ítálì, ló yàwòrán rẹ̀ ní ìrísí ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n sì kọ́ ọ ní 1938. Ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì nà síta ní nǹkan bíi mítà 15 lápá kọ̀ọ̀kan, kò sì sí òpó lábẹ́ wọn. Wọ́n máa ń sọ pé ẹ̀rù ba àwọn tó ń kọ́ ọ láti yọ igi tí wọ́n fi gbé ìyẹ́ náà ró, àfìgbà tí Pettazzi fa ìbọn yọ sí wọn. Òótọ́ ni o, irọ́ ni o, ìyẹ́ náà ò tíì wó. Ní 2017, UNESCO ka Asmara mọ́ ohun-ìní gbogbo ayé, tilé-tilé, tepo-tepo.

Ilé epo ni o! Lọ́dọ̀ tiwa, ilé epo ni wọ́n ń torí ẹ̀ wó ilé bàbá.

Kì í ṣe pé àwa ò ní ìtàn mọ́tò. Láti 1906 ni ọ̀nà mọ́tò ti lọ láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, ó wà lára àwọn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Kí Wolseley tó fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ní Piccadilly, William Akinọla Dawodu, ọmọ Yorùbá, ti ń ta mọ́tò, ó sì ń tún un ṣe l'Ékòó.

Èkó yìí kan náà ni ilé Ilojo Bar wà tẹ́lẹ̀, ní Tinúbú. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní nǹkan bí 1855, ní ọnà àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà dé. Ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 2016, katapílà dé. Kí oòrùn tó wọ̀, 160 ọdún ti di yẹ̀pẹ̀. Àwọn kan á tún ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ṣé ọba ló ṣáná sí i ni?

Ìbàdàn gbìyànjú díẹ̀. Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929 ṣì wà lórí òkè rẹ̀, wọ́n ti tún un ṣe, ìpàdé àti ayẹyẹ sì ń wáyé níbẹ̀. Kò dí ọ̀làjú lọ́wọ́.

Ohun tó yani lẹ́nu ní Òkè-Ògùn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kan náà, ni pé wọ́n mọ iyì àkísà, bó bá ti jẹ́ aṣọ. Ní Ìsẹ́yìn, ìlú òfì, ẹni tó jogún sányán bàbá bàbá rẹ̀ kì í fi nulẹ̀. Inú àpótí ló ń wà, ọjọ́ ńlá ló ń jáde, bó sì ṣe gbó tó ni wọ́n ń fi í yangàn tó. Ẹni yìí kan náà ni yóò ránṣẹ́ pe katapílà sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ẹni tó wọ sányán ọ̀hún kọ́, torí pé fèrèsé rẹ̀ jẹ́ pákó, àti pé òun fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì aláwọ̀ búlúù.

Ti Ṣakí, ní Òkè-Ògùn kan náà, tún ju ti Ìsẹ́yìn lọ. Ìlú tó súnmọ́ ẹnubodè ni, ìlú tó mọ mọ́tò tòkúnbọ̀ dáadáa kí ìjọba àpapọ̀ tó fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2017. Kí sì ni tòkúnbọ̀ bí kò ṣe àkísà òyìnbó? Ẹni tó ni ín lò ó, ó gbó mọ́ ọn lọ́wọ́, a fi owó ńlá rà á, a fọ̀ ọ́, a wé ráípà mọ́ ìjókòó rẹ̀, a dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Àkísà ẹni ẹlẹ́ni là ń fowó rà. Tiwa là ń sanwó fún katapílà kó wá bá wa kó dànù.

Bẹ́ẹ̀ ilé tí wọ́n ń wó yìí náà ti jẹ́ aṣọ tuntun rí. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, ìlú ló wá wòran. Ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì tó ń gbapò rẹ̀ ò ní dàgbà tó bẹ́ẹ̀, torí ọmọ ẹni tó kọ́ ọ ti ń wo katapílà lójú.

Ìjọba ìbílẹ̀ 10 ló wà ní Òkè-Ògùn. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ka àwọn ilé tó ti wà ṣáájú 1960 ní àgbègbè rẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò wọn, kí wọ́n wọ̀n wọ́n, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó kọ́ wọn sílẹ̀ nígbà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé. Ẹ̀yin ọmọ onílé náà, bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù lẹ fẹ́, ẹ ṣí i sí ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá yín. Ojú títì náà ló kúkú wà.